Ìwọ̀n Oúnjẹ àti Àkókò Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Fẹ́ Kí Ara Wọn Fúyẹ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Joju, ní Sango-Ọ̀tà, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, yóò rí ohun tí àwa náà ń rí lójoojúmọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti ń jáde bọ̀ láti àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà káàkiri agbègbè Ọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ òru ń wọlé lọ; àwọn ọlọ́kọ̀ ń ké pe èrò, òórùn epo gbígbóná sì ń ta sánsán láti inú agbada àwọn alákàrà àti àwọn oníyàn dùndú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bọ̀ ni kò fi ẹnu kan oúnjẹ gidi láti òwúrọ̀. Àwọn tí ń lọ sì ń sáré ra ohunkóhun tí ó bá wà ní àrọ́wọ́tó, nítorí wọn kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ilé púpọ̀, oúnjẹ tí ó tóbi jùlọ ní ọjọ́ náà ni èyí tí a ń jẹ ní agogo 9 tàbí 10 alẹ́, tí a ó sì gbé ikùn kíkún lọ sórí ibùsùn.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó sì ń ṣe.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," ni ó wí, bí ó ti ń kúnlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá. Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní kí n gbìyànjú kí n dín ara kù. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń febi pa ara mi láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo sì ń mu tíì kan tí wọ́n ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, òòyì kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, díẹ̀ ni ó kù kí n ṣubú lu ẹ̀rọ. Síbẹ̀ bí mo ti sanra náà ni mo wà. Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

Àwa kì í ṣe oníṣègùn. A sọ fún un pé kí ó dá tíì náà dúró, kí ó sì padà tọ dókítà rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, kí ó sọ ohun gbogbo fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí a mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Mélòó nínú àwọn ará wa ni kò tíì gbìyànjú irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí? Nítorí náà ni a fi jókòó ti ìwé, tí a wá ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ẹ̀rí múlẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí a rí ni a kọ sílẹ̀ yìí fún ànfààní gbogbo ilé.

Kí ni à ń pè ní kálórì?

Bí igi ti jẹ́ fún iná, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ jẹ́ fún ara. Igi tí a bá kó sí ìdí ààrò ni ó ń mú kí omi gbóná. Oúnjẹ tí a bá jẹ ni ó ń mú kí ọkàn lù, kí ọpọlọ ronú, kí ẹsẹ̀ rìn, kí ara sì móoru. Kálórì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ooru àti agbára yìí. Kálórì 1 tí a ń kọ sára oúnjẹ ni ìwọ̀n ooru tí yóò mú kí omi kílò 1 fi ìwọ̀n ooru 1 gbóná sí i. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Atwater, kọ́ yàrá kan tí ènìyàn lè wọ̀ kí ó sì gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a lè wọn ooru tí ara rẹ̀ ń mú jáde. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti mọ ìṣirò tí a ń lò títí di òní: gíráàmù 1 oúnjẹ afáralókun, irú bí gààrí, ìrẹsì tàbí iṣu, ń fún ara ní kálórì 4, gíráàmù 1 oúnjẹ amáradàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin, ń fún un ní 4 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gíráàmù 1 ọ̀rá tàbí òróró ń fún un ní 9. Ní ọdún 1918, obìnrin oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, Lulu Hunt Peters, kọ ìwé kan tí ó kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí a ti ń ka kálórì, ìwé náà sì tàn ká gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò yìí wá sínú ilé ìdáná tiwa. Gààrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní bí kálórì 350. Bí a bá fi gíráàmù 200 te ẹ̀bà fún ẹnì kan, ó di 700 kí a tó bu ọbẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí ó kún fún epo pupa tàbí òróró ní bí 120. Bí ọwọ́ ìyá olóúnjẹ bá sì yọ̀ tí ó da ṣíbí mẹ́ta lé ọbẹ̀ àwo kan, 360 ti wọlé tí ẹni tí ń jẹun kò mọ̀. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó jẹ́ ìdajì lítà ní ju 200 lọ, gbogbo rẹ̀ láti inú ṣúgà nìkan. Ṣùgbọ́n ewédú, ilá, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, bí epo wọn kò bá pọ̀, kálórì inú wọn kéré púpọ̀, wọ́n sì ń kún inú.

Nígbà tí ohun tí ń wọlé bá ju ohun tí ń jáde lọ, ara yóò kó ìyókù pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá, bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká. Kílò 1 ọ̀rá ara jẹ́ bí kálórì 7,700. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dín kálórì 500 kù lójúmọ́ lè retí kí bí ìdajì kílò kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ara tí ó ti fúyẹ́ kì í ná agbára tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ìdínkù náà yóò sì máa falẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí ṣáájú kì yóò sọ ìrètí nù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn obìnrin Nàìjíríà àti àwọn ti Chicago

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé àìṣe-eré-ìdárayá ni ó ń mú ènìyàn sanra, àti pé bí a bá ti sáré tó, a lè jẹ ohun tí ó wù wá. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará ilé wa gan-an ni ó ran gbogbo ayé lọ́wọ́ láti mọ òtítọ́.

Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn wà nínú wọn, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tí ó ju 10,000 lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní àwọn erékùṣù Karibéánì àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì náà jáde ní ọdún 1997, a rí i pé nínú 100 àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lára 26 ní Karibéánì, àti lára 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ara ti ń wúwo sí i láti ibì kan dé ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Ìran kan náà ni wọ́n. Ìgbé ayé wọn ni ó yàtọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé Loyola tún fi àwọn obìnrin 149 láti ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin dúdú 172 ní agbègbè Chicago. Ti Nàìjíríà wúwo tó bí kílò 57, ti Chicago sì tó bí kílò 83. Àwọn olùwádìí rò pé wọn yóò rí i pé iṣẹ́ oko àti omi pípọn ni ó mú kí àwọn ará wa tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná lórí iṣẹ́ àti ìrìn lóòjọ́, ti Chicago jẹ́ bí kálórì 760, ti Nàìjíríà jẹ́ bí 800, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ ni àwọn ọ̀mọ̀wé náà wá nàka sí. Oúnjẹ àwọn ará ìgbèríko wa kún fún ohun ọ̀gbìn, ọ̀rá àti ẹran inú rẹ̀ sì kéré; nínú ti Chicago, ọ̀rá ni ó ń mú ju ìdá méjì nínú márùn-ún kálórì wá, oúnjẹ tí a ti fi ẹ̀rọ ṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni a tẹ èyí jáde.

Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Àwa tí ó ti ìgbèríko wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ kò fi iṣẹ́ àṣekára sílẹ̀ sílé. Ohun tí púpọ̀ nínú wa fi sílẹ̀ ni ẹ̀kọ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, a sì fi búrẹ́dì funfun, bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò wọn. Ní ọdún 2019, ọ̀mọ̀wé Kevin Hall ní Amẹ́ríkà gba ènìyàn 20 sínú ilé ìwòsàn kan, ó fi oúnjẹ tí a fi ẹ̀rọ ṣe bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fi oúnjẹ àdáyébá bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí wọ́n máa jẹ títí wọn yóò fi yó. Nígbà tí ó jẹ́ oúnjẹ ẹ̀rọ, bí kálórì 500 ni wọ́n ń jẹ ní àjẹlé lójúmọ́, wọ́n sì sanra sí i. Nígbà tí ó jẹ́ oúnjẹ àdáyébá, wọ́n fọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ púpọ̀ tàbí kí wọ́n jẹ díẹ̀.

Ǹjẹ́ àkókò tí a ń jẹun já mọ́ nǹkan kan?

Ìbéèrè yìí ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jùlọ, ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò sì kò lórí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ní Ísírẹ́lì ní ọdún 2013, àwọn obìnrin 93 tí ó sanra jẹ kálórì 1,400 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Apá kan jẹ 700 nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀, 200 ní alẹ́. Apá kejì jẹ 200 ní òwúrọ̀, 700 ní alẹ́. Àwọn tí ó jẹ púpọ̀ ní òwúrọ̀ fi kílò 8.7 fúyẹ́, àwọn tí ó jẹ púpọ̀ ní alẹ́ fi 3.6.

Ṣùgbọ́n ní Aberdeen ní Scotland, èsì tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 30 ni a fún ní gbogbo oúnjẹ wọn láti ọwọ́ àwọn olùwádìí, tí a ti wọ̀n ọ́n dáadáa. Bóyá òwúrọ̀ ni wọ́n jẹ èyí tí ó pọ̀ tàbí alẹ́, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi fúyẹ́. Ohun kan ni ó yàtọ̀: nígbà tí oúnjẹ òwúrọ̀ bá pọ̀, ebi kì í pa wọ́n bí ti ìgbà kejì. Ní ọdún kan náà, a gbọ́ ti Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ènìyàn 139 ti dín oúnjẹ kù fún odidi ọdún kan. A pàṣẹ fún apá kan pé wọn kò gbọdọ̀ jẹun àfi láàrin agogo 8 òwúrọ̀ àti agogo 4 ìrọ̀lẹ́. A kò fi àkókò dè apá kejì. Àwọn ti àkọ́kọ́ fi kílò 8.0 fúyẹ́, àwọn ti èkejì fi 6.3, àwọn ọ̀mọ̀wé sì sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè gbára lé.

Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ó yé wa ni èyí: ìwọ̀n ni ọba, àkókò ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Agogo kò lè sọ kálórì 1,000 di 500. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹun dáradára ní òwúrọ̀ kò ní jẹ́ ẹrú ebi ní alẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni ìyá tí ó wá bá wa ti ṣìnà. Ó rò pé ìyà ọ̀sán ń dín òun kù, kò mọ̀ pé nígbà tí òun bá dé ilé ní agogo 9, ẹ̀bà ńlá, ọbẹ̀ olóróró àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ń san gbogbo gbèsè náà padà pẹ̀lú èlé.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ òru

Ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lóru le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ènìyàn ní agogo tirẹ̀ nínú, tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń tò, ní òru sì ni agbára ara láti kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sí àyè rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Boston ní Amẹ́ríkà tẹ èsì kan jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ 19 tí ara wọn dá, tí a mú kí wọ́n máa ṣe àìsùn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ òru. Àwọn tí ó jẹun lóru àti lọ́sàn-án, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi 6.4 nínú 100 ga sí i. Àwọn tí ó jẹun ní ojúmọ́ nìkan, tiwọn kò yí padà. Àwọn tí a yẹ̀ wò kò pọ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò sì gùn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò ná ẹnikẹ́ni ní owó. Ẹni tí ó ń wọ iṣẹ́ ní agogo 7 alẹ́, kí ó jẹ oúnjẹ gidi kí ó tó kúrò nílé. Bí ebi bá mú un láàrin òru, kí ó mu omi, kí ó jẹ èso tàbí ẹ̀pà díẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín kan. Kí ó má ṣe jẹ́ kí agogo 2 òru bá òun nídìí àwo fùfú.

Eré ìdárayá, tíì àti oògùn

Ẹ má ṣe rò pé a ń tàbùkù eré ìdárayá. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ń béèrè ìrìn kánmọ́kánmọ́ bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1 kí a tó ná an tán. Nítorí náà ó rọrùn láti má mu ún ju láti rìn ín dànù lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń mú ọkàn le, ó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú, ó sì ń ran ẹni tí ó ti fúyẹ́ lọ́wọ́ kí ó má baà tún sanra padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún. Láti Joju dé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gun ọkọ̀ dé, a lè fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ní ti tíì tí wọ́n ń tà fún ìtẹ́ẹ́rẹ́, púpọ̀ nínú wọn ni ewé tí ń ṣu ènìyàn wà nínú rẹ̀. Omi àti ìgbẹ́ ni ó ń jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Bí a bá mu omi, ìwọ̀n náà ti padà. Omi tí ó ń sọnù bẹ́ẹ̀ lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn, pàápàá ẹni tí kò jẹun. Èyí tí ó burú jù ni àwọn oògùn kan tí a ti bá sibutramine nínú wọn ní ìkọ̀kọ̀. Oògùn yìí ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, nítorí ewu tí ó ń mú bá ọkàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀ jùlọ. Ẹ má ṣe ra ìlera lọ́wọ́ ẹni tí yóò ti sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kejì.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ọwọ́ ẹni tí ń se ọbẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Kí ó fi ṣíbí wọn epo, kí ó má ṣe dà á láti inú ìgò. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹ̀wà tàbí ẹja gba ìdá mẹ́rin, kí òkèlè sì gba ìdá mẹ́rin yòókù. Kí omi jẹ́ ohun mímu ilé. Kí a jẹ ògì àti àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín ní òwúrọ̀, kí a gbé oúnjẹ ọ̀sán dání láti ilé bí ó bá ṣeé ṣe, kí oúnjẹ alẹ́ sì kéré. Baálé pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: kí ó má ṣe bínú bí òkèlè bá dínkù, kí ó má sì fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà nítorí bí ara rẹ̀ ti rí.

Ẹ̀wẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣe ìkìlọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fún ọmọ tí ń dàgbà, tàbí aboyún, tàbí abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí ẹni tí oúnjẹ kò tó fún. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀ tàbí gba ààwẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, nítorí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Àwọn baba wa sọ pé oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn náà ni ó sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Láàrin òwe méjèèjì ni wọ̀ntúnwọ̀nsì gbé wà.

Ìyá náà tún wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Dókítà fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lò ó déédéé. Ó ń jẹ ògì àti mọ́ínmọ́ín ní òwúrọ̀, ó ń gbé ẹ̀wà dání lọ síbi iṣẹ́, ẹlẹ́rìndòdò sì di ti ọjọ́ àjọ̀dún. Láàrin oṣù mẹ́ta, kílò 4 ni ó fi fúyẹ́. "Bàbá, kò pọ̀," ni ó wí, "ṣùgbọ́n òòyì kò kọ́ mi mọ́, mo sì ń yó." A sọ fún un pé ó pọ̀ tó. Ẹni tí ó ń yó, tí ara rẹ̀ sì ń fúyẹ́, lè máa bá a lọ títí ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ebi ń pa kò lè ṣe é ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá jókòó sídìí oúnjẹ ní alẹ́ òní.